Ẹni Tí A Kò Gbé Dé Òkúta Ààlà

Los Mezquites, New Mexico
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, 2012

Nélida ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú òtútù. Ṣé yìnyín ilẹ̀ Kánádà yẹn ti ń yọ́, àbí ẹ ṣì ń fi ṣọ́bìrì la ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó ríbi jáde? Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Adìẹ dúdú ti yé, ó kó ẹyin rẹ̀ lọ sábẹ́ ilé níbi tí ọwọ́ mi ò tó, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fakọ yọ. Atẹ́gùn ká páànù ẹ̀yìnkùlé sókè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wendell olómàlúù ló wá bá mi kàn án padà. O mọ ìṣe rẹ̀, kò gbà ju kọfí lọ.

Inú ń bí mi sí ọ o. Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan bàbá rẹ, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bi mí pé ọmọ mi dà. Mo ní ibi iṣẹ́ ni ò jẹ́. Mo parọ́ lójú pẹpẹ nítorí rẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Mi ò lè fi fóònù ṣọ́ọ̀bù Tiburcio sọ ọ́, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ níwájú ẹni tó wá ra ṣúgà.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, èmi ni mò ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ lọ sídìí òkúta ààlà Mẹ́síkò, níbi tí ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn fún oṣù mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀. Wọn a ya fọ́tò, wọn a na ẹsẹ̀ kan sí ilẹ̀ Mẹ́síkò, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a wá kọjú sí àríwá, ó di Kánádà. Èmi a máa wo ẹ̀yìn wọn bí ẹni pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ti ń pè fún ti ọdún yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, Tiburcio ránṣẹ́ pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Delfina, jókòó."

Mo ní, "Mi ò jókòó, ẹ̀wà mi wà lórí iná."

Ó ní, "Ọkùnrin kan pè láti Colorado. Ó ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún, òun nìkan. Ó ń wá ẹni tó máa gbé òun dé ìdí òkúta."

Mo ní kí ló wá burú ńbẹ̀?

Ó ní, "Garrick Loomis ni."

Ẹ̀wà mi jóná lọ́jọ́ náà.

O mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ojú mi lè rí i pé òótọ́ ni. Loomis, tó ń fi iṣẹ́ amọ̀nà jẹun, ló kó àwọn àlejò láti òkè òkun wá ní oṣù Kẹfà, nígbà tí àwọn tó gbọ́n ti rìn jìnnà sínú òkè. Bàbá rẹ sọ fún un pé oòrùn ti le jù. Loomis ní òun ti gba iṣẹ́, iṣẹ́ ni. Ọkọ̀ bàbá rẹ rì sínú iyanrìn odò gbígbẹ, ibẹ̀ ò jìnnà sí òkúta mọ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ò pé. Loomis kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi, ó ní òun máa rán ẹnì kan padà. Kò rán ẹnikẹ́ni. Ó gba ọ̀nà àríwá lọ. Abẹ́ ọkọ̀ ni Wendell ti bá òkú bàbá rẹ, níbi òjìji. Ní ilé ẹjọ́, Loomis ní bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn máa lọ, pé bàbá di kẹ́ẹ̀gì kan mú sọ́dọ̀, pé bàbá ní òun ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Àwọn àlejò ti padà sílùú wọn. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀rí.

Èmi ni mo rọ omi sínú àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, Nélida. Kò sí ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wálé.

Loomis ò mọ̀ pé èmi ni mò ń wa ọkọ̀. "Obìnrin kan" ni Tiburcio sọ fún un. Mo ní kó má tíì dá a lóhùn. Kí ni kí n ṣe?

Èmi ni ìyá rẹ,
Delfina

*

Cardell, Alberta
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2012

Màmá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìnira orúnkún. Yìnyín ò tíì yọ́. Ibi ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń kọ ìwé yìí, lórí àpò aṣọ ìbùsùn, torí ibẹ̀ nìkan ló móoru.

Ẹ bínú sí mi nítorí ìrántí bàbá. Mo gbà. Èmi náà ní ìbínú tèmi. Ní ọjọ́ ẹjọ́ yẹn, nígbà tí Loomis ń parọ́ lójú gbogbo ayé, mo fẹ́ dìde. Ẹ̀yin lẹ fà mí láṣọ. Ẹ ní, "Jókòó, a kì í pariwo nílé ẹjọ́." Mo jókòó. Ó jáde, ó bọ ọwọ́ àwọn lọ́yà, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè wo ojú yín tààrà, màmá. Ìdí tí mi ò fi wá nìyẹn. Ibi iṣẹ́ kọ́.

Ẹ ní kí ni kí ẹ ṣe. Ẹ sọ fún Tiburcio kó dá a lóhùn pé kó máa bọ̀. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ bàbá. Tí ẹ bá dé odò gbígbẹ, ẹ dúró. Ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá wo táyà. Ẹ wá yí ọkọ̀ padà wálé pẹ̀lú omi rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí, àbí? Bí adájọ́ ṣe sọ náà ni.

Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà. Ẹ gbé e dé ìdí òkúta, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ìdí ọ̀nà wà lọ́dọ̀ yín, òpin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń yọ síbí, wọ́n á ti gbẹ bí igi ìdáná, wọ́n á ní ká bá àwọn fọ aṣọ. Mo mọ ojú rẹ̀. Mo lè dúró títí oṣù Kẹsàn-án.

Èmi ni ọmọ yín,
Nélida

*

Los Mezquites
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin, 2012

Nélida,

Mo kí ọ. Mo ka ìwé rẹ lórí ìjókòó ọkọ̀, mo pa á dé, mo tún ṣí i, bóyá mo ṣì í kà ni. Ṣé ọmọ tí mo bí nìyí? Ìwọ jókòó síbi tó móoru, o fi bírò rán ìyá rẹ níṣẹ́ kó lọ pa èèyàn. Tí wọ́n bá wá mú mi, ìwọ lo máa bọ́ adìẹ ni?

Nítorí ilé ẹjọ́, mo fà ọ́ láṣọ torí ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà, o ò sì tíì gba ìwé Kánádà rẹ. Mo rò ó pé ọkọ ti lọ, ọmọ ò gbọ́dọ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ máa bínú, máa bínú sí ohun tó ṣẹlẹ̀, má bínú sí ohun tó o fọkàn ara rẹ rò.

Má sì rò pé mo ti dárí ji ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí n sọ fún ọ ohun tí mo ti ṣe.

Kò sí ọkọ̀ èrò tó ń lọ sídìí òkúta. Ọ̀nà ibẹ̀ ń jẹ táyà. Àwa díẹ̀ la ń gbé èèyàn lọ, a sì mọ ara wa. Mo wọ ọkọ̀, mo lọ bá wọn níkọ̀ọ̀kan, láti ọ̀dọ̀ wa títí dé ẹ̀bá títì ńlá. Wendell ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ó ń ṣe pátákò ẹṣin rẹ̀.

Mo ní, "Wendell, Loomis ń bọ̀ loṣù Karùn-ún."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Kó máa bọ̀."

Mo ní, "Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e."

Ó fi ẹsẹ̀ ẹṣin sílẹ̀. Ó ní, "Delfina, èmi ni mo fa ọkọ yín jáde lábẹ́ ọkọ̀ yẹn. Ẹ rò pé mò ń dúró dè yín láti wá bẹ̀ mí ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe dáhùn. Ọ̀kan tiẹ̀ ní òun máa gbé e, òun á gbé e lọ sí ọ̀nà ibòmíì. Mo ní rárá, kó kàn sọ pé òun ò lọ. Tiburcio ti wá sọ fún un lórí fóònù pé kó máa bọ̀, ọkọ̀ pọ̀.

Loomis ti rin gbogbo ọ̀nà gígùn ilẹ̀ yìí tán, èyí nìkan ló kù. Tiburcio ló gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún tó pa bàbá rẹ, ẹsẹ̀ àlejò kan wú lójú ọ̀nà, ni ó bá já ìrìn náà sílẹ̀. Ó ń bọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìdí. Kò ní bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Fi òróró orúnkún tí o rà lọ́jọ́sí ránṣẹ́. Má fi ṣokoléètì sí i, yíyọ́ ló máa ń yọ́ ba ìwé jẹ́. Ọkùnrin Norway tó ní òun fẹ́ fẹ́ ọ yẹn ńkọ́?

Ìyá rẹ,
Delfina

*

Cardell
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin, 2012

Màmá mi,

Mo kí yín. Òróró wà nínú àpótí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìwé yìí. Ọkùnrin Norway ti padà sí Norway, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ti ilé ẹjọ́. Mi ò rò ó dé ibẹ̀. Mò ń kà á ní àkàtúnkà.

Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń ṣe yìí kéré, màmá. Ó kéré gan-an. Ọkùnrin gba omi lọ́wọ́ bàbá mi, ẹ̀yin ní ẹ máa fi ọkọ̀ dù ú. Ọmọ tó jí ṣúgà jẹ ni wọ́n ń fìyà bẹ́ẹ̀ jẹ. Yóò bínú, yóò padà sí Colorado, yóò mu ọtí rẹ̀, yóò sùn. Bàbá ò ní jí.

Èmi ò ní parọ́ fún yín: mo ti ń lá àlá rẹ̀. Kì í ṣe bàbá ni mò ń lá, Loomis ni. Ó ń rìn bọ̀ lójú yìnyín, ó na ọwọ́, ó ń bèèrè omi, mo sì ní ife lọ́wọ́. Mo máa ń jí kí n tó mọ ohun tí mo fi ife náà ṣe. Ó ń dùn mí pé mo máa ń jí.

Ọmọ yín,
Nélida

*

Los Mezquites
Ọjọ́ keje oṣù Karùn-ún, 2012

Nélida ọmọ mi,

Mo kí ọ. Kíákíá ni mò ń kọ èyí kí ọkọ̀ tó ń kó ìwé tó kọjá. Ó ti dé.

Ọ̀sán àná, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Wendell. Loomis wọlé pẹ̀lú àpò ńlá lẹ́yìn. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ti tinrín. Kò dá mi mọ̀, ẹ̀yìn la jókòó sí nílé ẹjọ́. Ó kí gbogbo wa dáadáa. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bí mi nínú, bó ṣe mọ èèyàn kí.

Ó ní, "Èmi ni mo pè lóṣù Kẹta. Awakọ̀ dà?"

Tiburcio na ọ̀pá ìgbálẹ̀ sí mi. "Òun nìyẹn. Ẹ bi í."

Ó yíjú sí mi. "Màmá, ṣé òní la máa lọ ni, àbí ọ̀la?"

Mo ní, "Mi ò gbé ọ."

Ó rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí Wendell. "Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Wendell ní, "Ara ọkọ̀ mi ò yá."

"Kí ló ṣe é?"

"Òórùn rẹ ló kọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù, ó ń pe àwọn awakọ̀ yòókù níkọ̀ọ̀kan, a sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Ìgbà tó pe èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo fi ṣe yín níbí?"

Mo ní, "Èmi ni ìyàwó Abundio."

Nélida, mo ti ń retí ojú tó máa ṣe. Ojú rẹ̀ kàn kú ni. Ó ní, "Ilé ẹjọ́ ti parí ọ̀rọ̀ yẹn, màmá."

Mo ní, "Ilé ẹjọ́ ti parí tirẹ̀. Tèmi ló kù."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó ní kò burú, òun ní ẹsẹ̀, òun á fẹsẹ̀ rìn dé ìdí òkúta, òun á sì fẹsẹ̀ rìn kúrò ńbẹ̀. Láàárọ̀ yìí ló lọ. Kó tó lọ, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra omi tó lè gbé. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sórí káńtà, ó ní, "Àgbá omi màlúù méjì wà lójú ọ̀nà níbí, omi wà ńbẹ̀, àbí?" Wendell ti kó màlúù rẹ̀ kúrò lápá ibẹ̀ láti oṣù Kejì. Àwọn àgbá náà gbẹ bí eegun. Wendell ń wo ìta. Tiburcio ń nu káńtà tó mọ́. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Èmi náà ò dá a lóhùn. Ó mú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa fún bẹ́ẹ̀ ni, ó ká àwòrán rẹ̀, ó jáde.

Oòrùn òní le. Mo jókòó síwájú ilé, mò ń wo ọ̀nà. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ọkọ̀ ìwé ti ń fọn fèrè.

Delfina

*

Cardell
Ọjọ́ karùndínlógún oṣù Karùn-ún, 2012

Màmá mi,

Òní ni mo gba ìwé yín. Mi ò kí yín, ẹ forí jì mí, mi ò ráyè.

Ẹ má tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa jókòó títí, ẹ máa wo kẹ́ẹ̀gì, ẹ máa dìde. Ẹ jókòó, màmá. Ẹ fà mí láṣọ lọ́jọ́ kan, èmi náà ń fà yín láṣọ báyìí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ. Kò sẹ́ni tó tì í. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣe ìdájọ́ tí adájọ́ ò lè ṣe.

Mo mọ̀ pé ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ìwé yìí tó dé. Síbẹ̀, mo kọ ọ́.

Nélida

*

Cardell
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 2012

Màmá mi,

Mo kí yín. Mo kí yín gan-an. Ẹ ò kọ̀wé.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù lánàá. Mo ní, "Bàbá Tiburcio, màmá mi ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ara rẹ̀ le. Ó ní òun máa kọ̀wé sí ọ."

Mo ní, "Ṣé ó wà láàyè?"

"Ìyá rẹ? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ìyẹ̀fun àgbàdo fún un."

"Loomis ni mò ń bi yín."

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ ní òun máa kọ̀wé," wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ gbọ́, gbogbo ohun tí mo kọ síwájú, mo kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mo bá ń ká aṣọ ìbùsùn, mo máa ń rí i bó ṣe ń ṣí ìdérí àgbá gbígbẹ náà. Mo fẹ́ kí ara mi yá gágá bí mo bá ń wò ó. Ara mi ò yá. Mò ń rò ó pé bí ẹ bá jókòó síwájú ilé tó sì kú síbẹ̀, ìgbà tí ẹ bá ń gbé àwọn àlejò kọjá lójú odò, òkú méjì lẹ máa bá pàdé ńbẹ̀.

Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi. Mo ti dàgbà.

Nélida

*

Los Mezquites
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, 2012

Nélida ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì bẹ̀ ọ́ kó o má bínú pé mo pẹ́. Mò ń mú bírò, mò ń gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò fẹ́ jáde lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì tí Loomis lọ, kí oòrùn tó là dáadáa, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀. Kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ kó o mọ èyí. Bí ó bá kú, a jẹ́ pé ó ti gbé irọ́ tó pa nílé ẹjọ́ wọ ilẹ̀ lọ, bàbá rẹ á sì máa jẹ́ arúgbó alágídí tó lé èèyàn lọ, tó kú fún agídí ara rẹ̀. Mo fẹ́ ẹnu rẹ̀. Òkú ò ní ẹnu.

Lójú odò gbígbẹ náà ni mo ti bá a, o lè rò pé mò ń parọ́. Ó ti kọjá àgbá méjèèjì. Ó jókòó sábẹ́ igi mẹ́súkíìtì tó wà ní etí bèbè, àpò rẹ̀ nà gbalaja lójú iyanrìn, gbogbo ìgò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ètè rẹ̀ ti bó. Nígbà tó gbọ́ ọkọ̀, ó gbìyànjú láti dìde, ó ṣubú padà.

Mo pa ọkọ̀. Mo yí gíláàsì sílẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo bu omi sí ife, mo kọ́kọ́ mu tèmi. Mo mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà ọ̀fun mi.

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní, "Kí ni ọkọ mi sọ fún ọ?"

Ó ní, "Ẹ fún mi lómi ná."

Mo tún bu ife kejì. Mo mu ún.

Nélida, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n omijé ò jáde. Ó ní àwọn kẹ́ẹ̀gì wà nínú ọkọ̀ lóòótọ́, òun ní káwọn àlejò kó wọn. Ó ní bàbá rẹ di ọ̀kan mú, ó ní, "Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi, ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi dé ibì kankan." Ó ní òun já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun rò pé Wendell tàbí ẹlòmíì á kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ní, "O ní o máa rán ẹnì kan."

Ó ní bí òun bá ránṣẹ́, ọlọ́pàá á wá, wọ́n á dá ìrìn náà dúró, àwọn àlejò á padà. Ó ní òun ń sọ fún ara òun pé lọ́la, lọ́la.

Mo ní, "Kí ni Abundio tún sọ?"

Ó ní, "Ìgbà tí a ti ń gun bèbè lọ, ó pariwo tẹ̀ lé wa. Ó ní kí a jọ̀ọ́, kí a sọ fún ìyàwó òun ibi tí òun wà."

Mo gbé orí lé sitíárìn ọkọ̀. Mo jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, mo se oúnjẹ alẹ́ dè é, mo tún ń bínú pé ó ti dúró mu ọtí pẹ̀lú Wendell. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ìbá gbà wọ́n. Kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ Wendell ìbá gbé mi débẹ̀.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Loomis ti ń rákò bọ̀ wá sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ iná. Ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi mí. Mo ronú kan ìwé oṣù Kẹta rẹ.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì fún un.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé, o mọ ohun tó kọ́kọ́ sọ? Ó nawọ́ sí gúúsù, ó ní, "Òkúta ò jìnnà mọ́. Ẹ gbé mi débẹ̀, màmá. Ẹ dárí jì mí, kẹ́ ẹ sì bá mi dé ibẹ̀."

Mo ní, "Omi ni mo gbé wá. Ìdáríjì kò sí nínú ọkọ̀ yìí." Mo yí ọkọ̀ sí apá ilé.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó wá gba ìwé wọn wà ńbẹ̀, Wendell náà wà ńbẹ̀. Mo ní, "Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́ fún mi." Mo rò pé yóò kọ̀. Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ débi kẹ́ẹ̀gì tó já gbà, ni Wendell bá jáde lọ dúró sídìí ọkọ̀ rẹ̀, torí ó ní bí òun bá dúró, òun máa lù ú. Tiburcio pe ọlọ́pàá. Loomis tún un sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹjọ́ náà máa padà síwájú adájọ́.

Nítorí náà, mo tẹ̀ lé e, o sì ti kọ̀wé pé kí n má tẹ̀ lé e. Bínú sí mi bó bá wù ọ́.

Ìyá rẹ,
Delfina

*

Cardell
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹfà, 2012

Màmá mi,

Mo kí yín. Ẹ kú ìdúró.

Mo ka ìwé yín níbi ìfọṣọ. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti mu ife kejì, mo pa ẹ̀rọ, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé èmi ni mo le jù nínú wa. Èmi ń kọ ọ́ sórí bébà ni. Ẹ̀yin mu ún lójú rẹ̀. Ẹ̀rù yín bà mí díẹ̀, màmá, ó sì tún dùn mọ́ mi.

Mi ò bínú pé ẹ fún un lómi. Mo bínú fún wákàtí díẹ̀, ó sì tán. Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni ohùn bàbá lórí bèbè yẹn. Mo sọ ọ́ fún obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí mi ò bá sọ nǹkan kan rí. Ó fi aṣọ ìbùsùn tó ń ká sílẹ̀, ó dì mọ́ mi.

Mo ti sọ fún ọ̀gá mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá pe ẹjọ́, mò ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má fà mí láṣọ.

Ọmọ yín,
Nélida

*

Los Mezquites
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹrin, 2013

Nélida ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ilé dákẹ́ láti ìgbà tó o ti padà lẹ́yìn ẹjọ́. Tiburcio ṣì ń sọ bó o ṣe dìde lójú adájọ́, ó máa ń fi kún un, ó ti di pé o gun orí àga. Mi ò já a nírọ́.

Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ti ń dé. Mo ti gbé tọkọtaya kan láti Quebec lọ, wọ́n ń jà láti ibí títí débẹ̀ lórí ẹni tó gbàgbé ṣíbí. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ tí wọn ò tíì kọ ara wọn sílẹ̀, bá wọn fọ aṣọ dáadáa.

Loomis ti lo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, wọ́n ti dá a sílẹ̀. Adájọ́ ní kò gbọ́dọ̀ kó ẹnikẹ́ni rìn mọ́ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kóun fúnra rẹ̀ má rìn. Ó pe ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Mo wà ńbẹ̀. Ọkọ̀ mi wà níta, mo ti rọ epo, kò sí èrò kankan lọ́jọ́ òní.

Tiburcio bo ẹnu fóònù. Ó ní, "Òun ni o. Ó ní ẹ̀yin gan-an lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Wendell wà nídìí kọfí rẹ̀. Ó ní, "Delfina, ó ti tó. Ọkùnrin náà ti jẹ ìyà rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, èmi á gbé e."

Mo wò ó títí ó fi tẹjú sínú ife. Mo gba fóònù.

Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti rọ̀. Ó kí mi. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti fẹsẹ̀ gba ọ̀nà yẹn mọ́. Ó ní ara òun ò le mọ́, dókítà ní bí kò bá jẹ́ ọdún yìí, òun ò ní lè rin ìrìn náà mọ́. Ó ní òun máa sọ̀ kalẹ̀ lójú odò, òun máa kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ohun tó kù fún mi nìyẹn, màmá. Ẹ kàn bá mi dé ìdí òkúta."

Mo gbọ́ ọ títí ó fi parí. Mi ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wo ọkọ̀ bàbá rẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìjókòó rẹ̀ ṣófo láti iwájú títí dé ẹ̀yìn.

Mo ní, "Ọkọ̀ ti kún."

Ìyá rẹ,
Delfina